Hakeem Ọlájùwọ̀n: Aṣọ́lé Èkó Tí Ó Di Ọba Abẹ́ Àwọ̀n

Ní ọdún 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Èkó wá sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀. Nígbà tí ó tẹ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston láago pé òun ti dé, wọ́n ní kí ó wọ takisí kí ó máa bọ̀. Wọn kò fojú sọ́nà fún un lọ títí. Ọ̀rẹ́ Guy Lewis, olórí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, ni ó ti rí ọmọ yìí níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì ní kí Lewis yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò ṣèlérí ohunkóhun fún un ju àyẹ̀wò náà lọ.

Ọdún 14 lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo ayé eré ìdárayá ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Ní sáà 1993 sí 1994, Hakeem Ọlájùwọ̀n gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ nínú líìgì NBA, ó gba ti ẹni tí ó mọ ilé dáàbò bò jù lọ, ó sì tún gba ti ẹni tí ó tayọ jù lọ nínú ìdíje àṣekágbá. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní sáà kan ṣoṣo. Báwo ni ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní kékeré ṣe di ọ̀gá àwọn tí wọ́n ti ń gbá a láti ìgbà tí wọ́n ti ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀? Inú ohun tí ó ti kọ́ kí ó tó kúrò ní Èkó ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ọjọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó. Òwò sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Eré tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń ṣe ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, èyíinì ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì jẹ́ aṣọ́lé. Nígbà tí ó wọ Muslim Teachers College ní Èkó, ó tún mú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá mọ́ ọn, eré tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú ilé bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a. Ó ti di ọ̀dọ́ gíga fíofío kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ará Amẹ́ríkà nígbà náà pé ọmọ tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò di ọ̀gá, ẹ̀rín ni yóò fi í rín.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí iṣẹ́ sẹ́ńtà jẹ́ kí ìtàn yìí lè yé wa. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá, sẹ́ńtà ni ó sábà máa ń ga jù, abẹ́ àwọ̀n sì ni ibùjókòó rẹ̀. Òun ni ó ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tí alátakò bá jù dànù kí ó tó dé àwọ̀n. Òun ni ó ń fò gba bọ́ọ̀lù tí ó bá ta padà. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì ń wá ayò, wọn a ju bọ́ọ̀lù sí i, a kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, a sì wá ọ̀nà gba ara ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ga, tí ó sì tóbi, a fi èjìká ti ẹni kejì títí yóò fi dé ìdí àwọ̀n.

Ọlájùwọ̀n gùn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 7, ṣùgbọ́n kì í ṣe èjìká ni ó gbójú lé. Ẹsẹ̀ tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó kò gbàgbé ohun tí ó kọ́. Ojú aṣọ́lé mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ jù ú. Ọwọ́ àfọwọ́gbá sì ti mọ bí a ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ jù sí ọ̀tún kí á tó jù sí òsì. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà gbà wọ ọjà yìí kọ́ ni òun gbà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni ó wọ̀, ó sì bá wọn ná an.

Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kọ́ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ ní Houston. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan fún yunifásítì náà ní sáà àkọ́kọ́, orí àga ìdúródè ni ó sì ti ń wọlé ní sáà kejì. Nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní kí ó máa lọ sí gbọ̀ngàn eré kan nínú ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí àwọn tí ó ti gba orúkọ nínú NBA ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìdárayá. Ibẹ̀ ni ó ti bá Moses Malone pàdé, ẹni tí ó jẹ́ sẹ́ńtà Houston Rockets nígbà náà, tí ó sì wà lára àwọn alágbára jù lọ nínú líìgì. Malone kò ṣàánú rẹ̀ rárá. Ó ń tì í, ó ń gbún un, ó ń já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ Èkó náà kò sì sá. Ó ń padà lọ síbẹ̀ léraléra. Nígbà tí sáà tuntun fi máa dé, kò sí sẹ́ńtà yunifásítì tí ó lè bà á lẹ́rù mọ́.

Lábẹ́ Lewis, òun àti Clyde Drexler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn di ẹgbẹ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sáré wò, nítorí bí wọ́n ṣe ń fò ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n láti òkè. Lewis ni ó fún un ní ìnagijẹ tí ó túmọ̀ sí "Àlá", nítorí pé ohun tí ó ń ṣe dà bí ohun tí a ń rí lójú oorun. Ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, léra wọn, Houston wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ náà kò dé ọwọ́ wọn rí. Ní 1983, North Carolina State fi àmì ayò 54 sí 52 borí wọn nígbà tí aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọlájùwọ̀n ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tayọ jù lọ nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pàdánù. Ní 1984, Georgetown ni ó borí wọn pẹ̀lú 84 sí 75. Sẹ́ńtà Georgetown ni Patrick Ewing. Ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 1984 yìí kan náà, owó ẹyọ ni wọ́n ta láti mọ ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ yan agbábọ́ọ̀lù tuntun sínú NBA. Houston Rockets ni owó náà ṣubú fún, Ọlájùwọ̀n ni wọ́n sì yàn. Michael Jordan ni wọ́n yàn sí ipò kẹta, Charles Barkley sí ìkarùn-ún, John Stockton sí ìkẹrìndínlógún. Títí di òní, wọ́n ṣì máa ń bá Portland wí pé ó fi Jordan sílẹ̀ ní ipò kejì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bá Houston wí pé ó yan ọmọ Èkó ṣáájú Jordan. Ìdí kò ṣòro láti mọ̀. Ní sáà tí ó ṣáájú dídé rẹ̀, ìgbà 29 péré ni Rockets borí. Ní sáà tí ó dé, ó di 48.

Òun àti Ralph Sampson, ẹni tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ni wọ́n jọ dúró lábẹ́ àwọ̀n bí igi ìrókò méjì. Ní ọdún 1986, wọ́n na Los Angeles Lakers ní ìgbà mẹ́rin sí ẹyọ kan, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí Boston Celtics ti borí wọn. Gbogbo ènìyàn gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ ògo nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpalára mú Sampson, wọ́n sì tà á sí ẹgbẹ́ mìíràn. Láti 1988 títí di 1991, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń lé Rockets dànù lọ́dọọdún. Ní 1992, wọn kò tilẹ̀ bá wọn dé ibẹ̀.

Ohun tí ó ń dunni nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni pé Ọlájùwọ̀n fúnra rẹ̀ kò kùnà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1990, nígbà tí wọ́n kojú Milwaukee Bucks, ó jẹ àmì ayò 18, ó gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà 16, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó di ayò lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sì gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Òun ni ẹni kẹta tí ó ṣe irú rẹ̀ nínú ìtàn NBA. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní 1992, àárín òun àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà bàjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ìpalára kan tí ó ní lẹ́sẹ̀, débi pé ó ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

Láàárín àkókò yìí ni ó ṣe ohun kan tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rò pé kò tó nǹkan. Láti ìgbà tí ó ti dé Houston, "Akeem" ni wọ́n ń kọ sára ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni ó ń kọ orúkọ náà báyìí, nítorí bí ó ṣe ń dún lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 1991, ó ní kí wọ́n máa kọ ọ́ ní "Hakeem", bí ó ṣe rí nínú èdè Lárúbáwá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ọlọ́gbọ́n. Ó ṣàlàyé pé òun kò pa orúkọ dà, àtúnṣe ni òun ṣe sí i. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ẹni tí ó máa ń bínú lórí pápá tẹ́lẹ̀ di ẹni jẹ́jẹ́. Ó fara mọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, eré rẹ̀ náà sì di ti ọlọ́gbọ́n ju ti alágbára lọ.

Nígbà náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní Dream Shake. Ọlájùwọ̀n a gba bọ́ọ̀lù, a kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n. A mi èjìká sí apá kan, ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ a sì tẹ̀ lé e. Kí ìyẹn tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó ti yí padà sí apá kejì. Bí ìyẹn bá tún sáré padà, a gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú, ìyẹn a fò, òun a sì gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá ti wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Surulere tàbí ní Mushin rí mọ ohun tí ó ń wò. Bí a ti ń fi ẹsẹ̀ tan ẹni tí ó ń dínà jẹ ni, àfi pé sẹ́ńtà gíga fíofío ni ó ń ṣe é báyìí.

Rudy Tomjanovich, tí ó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Rockets ní 1992, kọ́ gbogbo eré ẹgbẹ́ náà lé ọgbọ́n yìí lórí. Wọn a ju bọ́ọ̀lù sí Ọlájùwọ̀n, àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù láti ọ̀nà jíjìn a sì tò yí ibẹ̀ ká. Bí alátakò méjì bá sáré sí i, a jẹ́ pé ẹnìkan ti wà lófo níta. Sáà 1993 sí 1994 ni ó so èso. Eré 15 àkọ́kọ́ ni wọ́n borí láì pàdánù ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá, New York Knicks ni wọ́n bá níbẹ̀, Patrick Ewing sì ni sẹ́ńtà wọn: ẹni tí ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 10 sẹ́yìn.

New York ni ó kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹyọ kan ni ó kù fún wọn. Nínú eré kẹfà, Houston fi àmì ayò 86 sí 84 ṣíwájú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó kù. John Starks, tí ọwọ́ rẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ibi tí ayò kan ti ń jẹ́ àmì mẹ́ta. Bí ó bá wọlé, New York ti gba ife. Ọlájùwọ̀n sáré jáde kúrò lábẹ́ àwọ̀n, ó na ọwọ́, ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà. Kò wọlé. Bí aṣọ́lé ṣe ń fi orí ìka yí bọ́ọ̀lù kúrò lójú ilé ni ó ṣe é. Wọ́n borí eré keje pẹ̀lú 90 sí 84. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e tún ṣòro ju ti ìṣáájú lọ. Ipò kẹfà ni Rockets wà ní agbègbè wọn, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó ti ipò náà gba ife rí. Ṣùgbọ́n Clyde Drexler, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, ti dara pọ̀ mọ́ wọn ní oṣù kejì ọdún 1995. Wọ́n na Utah, wọ́n na Phoenix tí ó ti fi 3 sí 1 ṣíwájú wọn, wọ́n sì bá San Antonio pàdé. David Robinson, sẹ́ńtà San Antonio, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ. Ọlájùwọ̀n jẹ àmì ayò tí ó lé ní 35 nínú eré kọ̀ọ̀kan, ní ìpíndọ́gba, lójú ẹni tí ó gba adé náà. Nínú àṣekágbá, Shaquille O'Neal tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ alágbára ni ó dúró dè é pẹ̀lú Orlando Magic. Ìgbà mẹ́rin sí òdo ni Houston fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun mìíràn wà nínú sáà yẹn tí àwọn Mùsùlùmí kì í gbàgbé. Oṣù Ramadan bọ́ sí oṣù kejì ọdún 1995. Ọlájùwọ̀n gba ààwẹ̀, kò jẹ, kò mu, títí kan ọjọ́ tí ó bá ní eré. Òun náà sì ni NBA yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù nínú oṣù náà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, nígbà tí àwọn gbajúmọ̀ ń polówó bàtà olówó gọbọi, bàtà Spalding tí owó rẹ̀ kò ga ni òun gbà láti fi orúkọ rẹ̀ sí, kí ọmọ tálákà náà lè rí i rà.

Ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 1993. Ní 1996, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta, aṣọ Amẹ́ríkà ni ó wọ̀ gba wúrà. Wọ́n ní láti gba àyè fún un kí ó tó lè gbá a, nítorí pé ó ti ṣojú fún Nàìjíríà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Lẹ́yìn èyí, ara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Ó lo sáà kan pẹ̀lú Toronto Raptors, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2002. Ọdún 2008 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù náà.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ ṣeé kà: àmì ayò 26,946, àti bọ́ọ̀lù alátakò 3,830 tí ó gbá dànù, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé láti ìgbà tí NBA ti ń ka irú rẹ̀. Ó tún já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò ní ìgbà 2,162, ohun tí a kì í retí lọ́wọ́ sẹ́ńtà. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé rẹ̀ ń sọ ti ọlá tí ó kọjá ìwọ̀n, ohun kan sì wà tí ònkà kò lè kó. Kobe Bryant, LeBron James àti Dwight Howard, tí wọ́n ti di ọ̀gá kí wọ́n tó tọ̀ ọ́ wá, ni wọ́n gba ilé rẹ̀ lọ láti kọ́ ìlò ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí pápá Èkó kọ́ ni ó di olùkọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ọdún tí Ọlájùwọ̀n kó àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta náà jọ, wọ́n bí ọmọ kan ní ìlú Athens fún tọkọtaya tí ó ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn. Àwọn ará Gíríìsì kọ ọ́ bí ó ṣe dún létí tiwọn, ó sì di Antetokounmpo. Ní 2020, Giannis gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ àti ti ẹni tí ó mọ ilé dáàbò bò jù lọ ní sáà kan náà. Lẹ́yìn Jordan àti Ọlájùwọ̀n, òun ni ẹni kẹta. Àwọn obìnrin D'Tigress, tí wọ́n dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan yóò débẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀nà yìí: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yunifásítì Amẹ́ríkà kọ́.

Ayọ̀ ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú wa ronú. Ilé-ẹ̀kọ́ Èkó ni ó fún Ọlájùwọ̀n ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta láti gbá kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún. Àlejò kan ni ó bá a pàdé, tí ó sì rí ohun tí ó wà lára rẹ̀. Bí àlejò náà kò bá kọjá lọ́jọ́ náà, sìmẹ́ńtì ni ìbá máa tà, kò sì sí ẹni tí ìbá mọ ohun tí ó sọnù. Pápá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré nílé-ẹ̀kọ́ wa, tí a ń gé tà fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ayé yóò wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀.